Abà Ọ̀dàn Kì í Ṣe Abà Ọdán

Orí bẹ́ǹṣì ni Bàbá Ọládiméjì Ìbíkúnlé kú sí, ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Fáìlì wọn wà lórí itan. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ní kí Bàbá jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó mọ̀ pé òkú lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà kejìlá nìyẹn tí Bàbá máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Kí ni wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún? Àmì ohùn. Àmì ohùn méjì péré, lórí orúkọ abúlé kan.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ojú sì ń tì mí báyìí.

Ojú irin kékeré kan ni Bàbá bá ṣiṣẹ́, ojú irin Olóbì. Ibùdókọ̀ mẹ́sàn-án, máìlì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ láàárín oko. Ọkọ̀ a máa gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a kó obì, a kó kòkó, a gbé àwọn tíṣà lọ sí abúlé tí wọn ò fẹ́ lọ. Òyìnbó ló là á nítorí ẹrù, ṣùgbọ́n àwọn ará oko sọ ọ́ di tiwọn: wọ́n ń bá a lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ń bá a lọ síbi ìsìnkú, wọ́n ń fi gbé ìyàwó. Lọ́dún 1988, wọ́n pa á tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni kò dé. Bàbá sọ fún mi pé àwọn obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ obì jókòó dè é títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nínú ibùdókọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa. Abà Ọdán wà nídìí igi ọdán ràbàtà kan. Abà Ọ̀dàn wà ní máìlì méje síwájú, nínú pápá gbalasa tí kò ní igi kankan. Iṣẹ́ Bàbá ni láti gba tẹlifóònù tó so ibùdókọ̀ kan mọ́ òmíràn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, Bàbá á pe orúkọ ibi tó ń lọ, ẹni tó wà lódì kejì á sì pè é padà bó ṣe gbọ́ ọ gan-an. Wọn ò ṣi orúkọ gbọ́ rí nínú tẹlifóònù. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ABA ODAN ni wọ́n tẹ̀ sórí méjèèjì. Bàbá fẹ́ràn àtimáa sọ ti ìyàwó kan tó sọ̀ kalẹ̀ sídìí igi pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ wà nínú pápá lọ́hùn-ún, tó ń làágùn nínú kóòtù. Wọ́n á sọ ọ́ títí omijé ẹ̀rín á fi bọ́ lójú wọn.

Ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ojú irin náà tì, akọ̀wé kan tí kò dé oko rí kó ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó rí ABA ODAN lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ọ̀kan rẹ́. Ó rò pé òun ń tún ilé ṣe ni. Báyìí ni odidi Abà Ọ̀dàn ṣe pòórá, pẹ̀lú òkú mẹ́fà tó wà níbẹ̀.

Òkú mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Keje ọdún 1974, òjò wọ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin lẹ́bàá Abà Ọ̀dàn. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ mẹ́fà lọ tún un ṣe, ilẹ̀ tó kù sì wó lù wọ́n. Bàbá ló gba tẹlifóònù lọ́jọ́ náà, ẹnu wọn ni wọ́n sì fi jíṣẹ́ fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí wọ́n máa lọ. Ọ̀nà ò ṣeé gbé òkú gbà lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n bá sin wọ́n sẹ́yìn ibùdókọ̀. Bàbá wà lára àwọn tó gbẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n nígbà náà, n ò sì rò pé wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ nǹkan ráńpẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí nípa òkú mẹ́fà náà, mo sì kọ Abà Ọdán, nítorí ohun tí mo rí nínú ìwé ọ́fíìsì nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni Bàbá wá mi wá sílé ní Àgùdà. Wọ́n mú fọ́tò kan dání. Ọ́fíìsì fẹ́ fi katakata ro ilẹ̀ àwọn ibùdókọ̀ àtijọ́ náà láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ti rán àwọn èèyàn lọ wò ó bóyá sàréè wà níbẹ̀. Àwọn yẹn ya fọ́tò, wọ́n kọ̀wé pé kò sí.

“Christianah, wò ó dáadáa. Kí lo rí?”

“Igi ni, sà.”

“Igi kí ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ọmọ Surulere ni mí.”

“Igi ọdán ni! Ọ̀dàn ò nígi. Ibi tí a ò sin ẹnikẹ́ni sí ni wọ́n lọ, wọ́n wá ń sọ pé àwọn ò rí sàréè. Ìwọ náà sì tún lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ẹ níwèé gan-an?”

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo tẹ̀lé wọn lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀kan. Jameelah ló wà nídìí kọ̀ǹpútà, ọmọ tó lójú àánú.

“Daddy, mo understand yín, I swear. System ò gba àmì yẹn ni. Tí mo bá tún type ẹ̀, á ní ‘already exists.’ Ọ̀gá nìkan ló lè approve ẹ̀, wọn ò sì sí lórí seat.”

Ìgbà méjìlá ni Bàbá lọ, ìgbà méjìlá ni ọ̀gá ò sí lórí àga. Ibo ni ọkùnrin yìí ń jókòó sí ná? Jameelah ló pa ojú Bàbá dé lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Ọ̀gá ò sí lórí àga lọ́jọ́ yẹn náà.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni lẹ́tà ọ́fíìsì dé, Bàbá gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Motọ́lání, ọmọ Bàbá, tíṣà ni ní Yaba. Òun ló pè mí.

“Àǹtí, wọ́n ní àwọn ti close fáìlì Daddy, pé wọn ò show up fún appointment. Daddy tó kú sí waiting room wọn!”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Kí ni kí n sọ fún un? Pé kó má bínú, kọ̀ǹpútà ni? Ṣé kọ̀ǹpútà ló fọwọ́ sí lẹ́tà? Àbí kọ̀ǹpútà ló lọ dúró sábẹ́ igi tó ya fọ́tò? Orílẹ̀-èdè tó lè pe orúkọ gbogbo ìlú òkè òkun tí ẹrù rẹ̀ ti ń wá láìṣì í pè, ṣé orúkọ abúlé tirẹ̀ ló wá nira fún un? Inú ń bí mi, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ̀tù sí i.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni katakata máa dé Abà Ọ̀dàn; ojú irin ló ń tẹ̀ lé, kì í wo orúkọ inú ìwé. Àwọn tó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ nìwọ̀nyí, bí Bàbá ṣe kọ wọ́n sílẹ̀: Adéríbigbé. Máyọ̀kún. Rilwan. Jeremy. Lámídì, àti àbúrò rẹ̀ Ṣàlàkọ́.

Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i pé kò sí sàréè: agbẹjọ́rò ìwé ìròyìn yìí ló bẹ̀ mí tí n ò fi dárúkọ yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fagi lé e kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ẹ dá Abà Ọ̀dàn padà sínú ìwé pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹbí àwọn mẹ́fà yìí rí, kí wọ́n wá gbé èèyàn wọn. Kí ẹ sì sọ fún Motọ́lání ẹni tó kọ lẹ́tà sí òkú.

Tí ẹ ò bá ní ṣe é, ẹ wá bá wa níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èmi àti Motọ́lání á ti débẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ dúró níwájú katakata, ẹ ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè, kí ẹ wo ojú wa kí ẹ ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún ẹni tó ń wà á pé kó máa lọ.