Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Nítorí Lésà

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ̀rọ lésà, tó ń fi ìtànṣán iná gé nǹkan, ní yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kú, torí gáàsì inú ọ̀pá gíláàsì rẹ̀ ti bàjẹ́. Láyé SAP yẹn, tí náírà ti já wálẹ̀, ta ló fẹ́ ra tuntun láti òkè òkun? Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi há sí yàrá aláìní fèrèsé yẹn. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀pá náà ò gbọdọ̀ dúró. Bí NEPA bá múná lọ, afẹ́fẹ́ á ya wọlé, iṣẹ́ á di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú un lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣẹ́ wọn lépè. Níkẹyìn, mo rọ gáàsì tuntun sí i, títí kan èyí tó ń mú ẹlẹ́rìndòdò hó, tí a tọrọ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, mo sì fi iná yọ́ ẹnu ọ̀pá náà pa. A tan lésà, ó dá pákó lu.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agbowó. Mo ní Ọlọ́run fún mi ní ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò ní ní gbogbo Ìbàdàn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tí àwọn náà ń jọ́sìn níbẹ̀, ṣe àmín kíkankíkan.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé lẹ́tà lọ bá wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi, yunifásítì kan lókè òkun ti gbà mí. Wọ́n kà á tán, wọ́n tì í padà sọ́dọ̀ mi.

“Ta ló máa mójú tó lésà? Ìwọ lo sọ níwájú Ọlọ́run pé kò sẹ́lòmíràn.”

Ọdún mẹ́jọ sí i ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn láràárọ̀.