Ìlà Dúdú Ọjọ́ Kẹsàn-án

Bàbá mi ò fẹ́ràn mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa retí ẹkún lọ́dọ̀ mi.

Ogójì ọdún ló fi to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń ya ojú ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ déètì kọ̀ọ̀kan, á to ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà láyé àtijọ́: ọba kan gorí oyè, ọkọ̀ ojú omi kan rì, wọ́n bí ọ̀mọ̀wé kan, òmíràn kú. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, kì í tú lẹ́tà wọ̀nyẹn ká. Á fi òwú dì wọ́n, á fi bébà wé wọn, á tò wọ́n sórí pẹpẹ de ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìdì tirẹ̀. Bàbá Déètì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Dárúkọ ọjọ́ kan, á sọ ẹni tó kú lọ́jọ́ náà fún ọ. Nílé, "ìwọ yìí" ló ń pè mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ni wọ́n bí mi. Ọjọ́ náà ni ìyá mi kú, kí oòrùn tó wọ̀. Ojú ìwé ọjọ́ yẹn nìkan ló ní ìlà dúdú nísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ bí eyín èkúté. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Èmi gbà pé èmi ló ń bá wí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo bi bàbá mi léèrè ìlà náà. Ó ní, "Ìwọ yìí, lọ gbálẹ̀."

Lọ́dún tí mo máa pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, Ọjọ́ Ajé tó jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ni bàbá mi kú. Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n fi ìsìnkú sí ọjọ́ kẹsàn-án. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní, "Ọjọ́ tí kò lè gbàgbé nìyẹn." Ojú mi ló wò nígbà tó sọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ tuntun ti dé. Wọ́n fẹ́ yọ́ gbogbo lẹ́tà òjé tó kù lọ́jọ́ kejì. Mo bá ọ̀gá wọn lórí búrẹ́dì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìdì kan ni mo wá gbà. Ti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje."

"Òkú ò tíì wọlẹ̀, o ti ń pín ogún."

"Ìlà dúdú yẹn ni mo fẹ́ rí, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ, olórí kunkun. Mo ní kó yọ ọ́. Kàlẹ́ńdà kì í ṣe ìwé ẹbí. Kàkà kó yọ ọ́, ó dojú ẹ̀ dé."

Kò yé mi. Ó mú lẹ́tà kan, ó fi hàn mí. Lẹ́tà òjé lójú, ó nídìí. Bí o bá dojú rẹ̀ dé, ìdí ló máa tẹ̀. Dúdú lásán.

"Kí ló wà lójú ẹ̀, sà?"

"Ṣebí ọmọ ẹ̀ ni ẹ́. Kà á."

Mo já ìdì náà, mo yí ìlà náà padà. Òdì ni lẹ́tà òjé, ẹ̀yìn ló ti ń ka wá síwájú. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ò débẹ̀. Ọ̀gá ń wò mí, ó ń jẹnu.

"Ẹ bá mi kà á."

"Èmi kọ́ ni mo tò ó."

"Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ, sà."

"Òjé kankan ò ní jáde níbí."

Íńkì díẹ̀ ṣẹ́kù lórí pákó. Mo fi ìka fá a, mo fi pa ojú ìlà náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ẹ̀wù mi. Ẹ̀wù funfun kan ṣoṣo tí mo ní. Ọ̀gá já òjé náà gbà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú garawa. Ó ti pẹ́ jù.

Ohun tó hàn lára ẹ̀wù náà nìyí: A bí ọmọ mi ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ ní kí n má bínú sí i.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́tàlélógún ni bàbá mi fi bínú sí mi, kò sinmi ọjọ́ kan. Lọ́dọọdún ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi jáde, tó ń dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"O ti rí i," ọ̀gá ní. "Máa lọ."

Ẹ̀wù náà ni mo wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Aṣọ ẹ dọ̀tí."

Mo ní, "Ẹ kà á, Màmá."

Ó kà á. Kò wo ojú mi mọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí ọmọ fọwọ́ bu erùpẹ̀ díẹ̀ sórí pósí, ṣọ́bìrì ni mo mú.