Bíréèkì Tí Kò Tíì Sinmi

“Tẹ̀ ẹ́. Má jù ú sílẹ̀ o. Má jù ú sílẹ̀!”

Ìka ti ń ro mí. Mo dúró lórí àpótí, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ bíréèkì máṣíìnì bàbá mi mú. Bàbá mẹkáníìkì dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan. Ọ́ìlì bíréèkì ń dà sínú agolo mílíìkì, ó ń hó. Ìhó yẹn gan-an ni bàbá ń wá. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ nìyẹn. Bí o bá jù ú sílẹ̀ kí n tó dì í, yóò tún fà á padà sínú.” Mo di eyín mọ́ ọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ìka mi bá fi lè yọ̀, èmi ni mo pa bàbá mi nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Ọmọbìnrin ọ̀ọ́kán ilé rẹ̀ ni mí, ní Ore. Àṣà tirẹ̀ ni pé ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ wá tẹ bíréèkì nígbà tí òun bá ń bílíìdì rẹ̀, ìyẹn bí òun bá ń lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ní ẹni tó ń wa máṣíìnì a máa tan ara rẹ̀ jẹ nítorí pé ó ń kánjú, ṣùgbọ́n ẹni ẹ̀yìn kò ní ohun tó dì mú ju aṣọ ẹni iwájú lọ. Ìyá arúgbó ti gun àpótí yẹn rí, olóyún ti gùn ún rí. Lọ́jọ́ náà ó kàn mí, torí èmi àti bàbá mi la fẹ́ jọ lọ sí oko wa ní Omifunfun.

Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú nígbà náà. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ lọ sóko lánàá, máṣíìnì ló ń gùn lónìí. Àwọn agbégilódò sì ń sáré lórí títì ńlá tó lọ sí Ìbìní bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí nílé. Orí ẹní ni mo ti máa ń gbọ́ wọn, àyà mi a sì máa já. Ojo ni mí láti kékeré, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni bàbá mẹkáníìkì. Àwa wá láti ọ̀nà Ìkirè, oko kòkó ló gbé wa dé, nítorí náà ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ sí wa kí á lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n “ọma mi” ló ń pè mí, kò pè mí ní “ọmọ mi” rí. Ọṣẹ dúdú àti pẹtiróòlù ló máa ń rùn lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn òórùn náà.

Ó dìde, ó fi rọ́bà tí ó gé lára túùbù àlòkù so ọwọ́ bíréèkì náà mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́. “Ká ní páàdì nìkan ni mo pààrọ̀,” ó sọ fún mi, “mo lè má bílíìdì ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti tú páìpù. Bí a bá ti tú páìpù pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Èyí tó kéré a máa fara pamọ́. Jẹ́ kó sinmi, afẹ́fẹ́ náà yóò gòkè fúnra rẹ̀, a óò tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ibi tí a wà nìyẹn tí bàbá mi fi yọ. Òjò ti ṣú dùdù.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ti parí?”

“Kò tíì parí. Ó ń sinmi.”

“Irin ló ń sinmi?” Bàbá mi tú rọ́bà náà, ó pọ́ǹpù ọwọ́ bíréèkì gbì, gbì, gbì. “Ẹ wò ó, ó ti le.”

“O pọ́ǹpù ú ló ṣe le. Fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí o tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹrẹ̀ oko ti jẹ ẹ́ tán, mo sì ti sọ fún ọ.”

“Bàbá, kòkó tí a sá wà lórí ẹní, ìyá ọmọ yìí nìkan ló sì wà lóko. Ìjàfara léwu.”

“Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú…”

“Kì í bàjẹ́. Mo ti gbọ́, sà.” Ó yíjú sí mi. “Gùn ún, ká máa lọ.”

Mo fẹ́ gùn ún. Ta ni mí tí n óò kọ̀ sí bàbá mi lẹ́nu? Bàbá mẹkáníìkì gbá ọwọ́ mi mú.

“Máṣíìnì tìrẹ ni, máa gbé e lọ. Ọma yìí kò lọ.”

Bàbá mi wò ó títí. Èmi rò pé ìjà ló dé. Lẹ́yìn náà ó ta máṣíìnì nípàá, ó sì lọ.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀bù yẹn títí dé títì ńlá. A dúró, à ń gbọ́ ìró máṣíìnì bó ṣe ń lọ nísàlẹ̀. Kò dẹwọ́. Ó yẹ kó ti dẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni agbégilódò kan fọn fèrè, ó fọn ọ́n gùn gbọọrọ, mi ò sì gbọ́ ìró máṣíìnì mọ́. Ìtọ̀ gbóná sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá mẹkáníìkì ń fà mí lọ sísàlẹ̀, ó ń pe Jésù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sáré mọ́. Ọwọ́ tó fi dì mí mú ń gbọ̀n.

“Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, ọma mi. Ojoojúmọ́ ló ń bà mí. Ọjọ́ tí kò bá bà mí mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé máṣíìnì wá bá mi mọ́.”

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níwájú ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, a rí bàbá mi nínú òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi. Ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojúgun rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Agbégilódò ti kọjá lọ ní tirẹ̀.

“Mo tẹ̀ ẹ́,” ni bàbá mi ń wí ṣáá, “mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Bàbá mẹkáníìkì kúnlẹ̀ tì í. Ó tẹ ojúgun rẹ̀ wò bóyá egungun ṣẹ́, ó sì bá a gbé máṣíìnì náà dìde. Òjò pa wá bí a ṣe ń tì í gòkè. Ó pa kòkó tó wà lóko náà, apá kan bu. Nígbà tí màmá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò dárúkọ kòkó.

Mo ti dàgbà ju bàbá mẹkáníìkì ìgbà yẹn lọ báyìí. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń kó láti Odigbo wá sí Ore. Bí wọ́n bá ti jókòó tán láàárọ̀, tí wọ́n ń pariwo lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi a kọ́kọ́ gbọ̀n díẹ̀ kí n tó ṣí ọkọ̀. Ìyá ọ̀kan nínú wọn rí i lọ́jọ́ kan, ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti ń wakọ̀, ó yẹ kó ti mọ́ mi lára. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ́ mi lára láéláé.