Ìbéèrè Méjìlá Nípa Ojú Mi

Apá ọ̀tún ni nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ń wọn mudu ẹ̀wà kan fún oníbàárà lọ́jà Kàbà, ni abọ́ kan bá ṣàdédé yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú. Mo gbá a dànù. Obìnrin tó ni ín ní ó ti pẹ́ tí òun ti dúró síbẹ̀. Mo ní irọ́ ló ń pa, mo sì bú u títí ó fi lọ ra ẹ̀wà níbòmíràn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá bá mi: ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́, èèyàn. Àwọn ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ kí mi, mi ò ní í rí wọn, màá kọjá lọ. Wọ́n ní owó ẹ̀wà ti ń gùn mí. Mi ò jiyàn. Kí wọ́n pè mí ní agbéraga sàn ju kí wọ́n pè mí ní afọ́jú lọ. Ta ni yóò jẹ́ kí afọ́jú wọn ẹ̀wà fún òun?

Ojú náà kò dùn mí rárá, ìyẹn sì ni ìkà tó wà nínú àìsàn yìí. Ìgbà tí mo já sínú gọ́tà lọ́sàn-án gangan ni ọkọ wa ní dandan, kí n lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ kékeré, Ìyá Ṣọlá, sìn mí lọ. Èmi àti obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá jẹ́ èébú. Láti Kàbà dé Ìlọrin, apá ọ̀tún mi ló jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò rí i. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo jẹ nínú àìsàn náà nìyẹn.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí ìdí mi fi kú. Nígbà tó kàn mí, wọ́n kán oògùn tó ń pa ìrora sí mi lójú, wọ́n sì fi irin kékeré kan tẹ ẹyinjú mi láti mọ bó ṣe le tó. Dókítà ní gílákómà ni. Ó ní omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, ojú á le, á sì máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ kò lè padà. Ojú ọ̀tún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Iṣẹ́ abẹ lè dá tòsì dúró. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kò tó, ẹni tí àìsàn náà ń ni lára jù nínú ìgbé ayé rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Nọ́ọ̀sì kan wá gbé ìwé ìbéèrè méjìlá jáde.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń rí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé ẹ máa ń kọsẹ̀?"

"Ọlọ́run ń ṣọ́ wa."

"Ṣé ẹ ṣì lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì?"

"Bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ náà ni." Ìwé kejì ni mo kà dé.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá kí ọ pé "Okun o," o ò ní í tú egbò rẹ sílẹ̀ fún un. Ọpẹ́ lo máa fi dáhùn, ì báà jẹ́ pé ilé rẹ ń jó. Mo ṣe bí ó ń kí mi ni.

Nọ́ọ̀sì ṣírò ìdáhùn mi. Ó ní ojú náà kò tíì dà mí láàmú púpọ̀, kí n padà wá lẹ́yìn òjò.

Ni Ìyá Ṣọlá bá bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni o, Nọ́ọ̀sì! Gọ́tà ló ti jáde wá síbí. Ẹ̀yìn abọ́ ló ń da ẹ̀wà sí. Ògiri ló fi ń rìn nínú ilé. Agídí nìkan ló kù lójú ẹ̀!"

"Ẹnu ẹ á rà, ìyàwó yìí!"

"Kó rà, Ìyálé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ta ló ń purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo lè sọ pé òun ni, kí n gbé iyì mi padà sí Kàbà, kí n sì fọ́jú kí òjò tó dá.

Mo ní, "Òun kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀bẹ lọ. Nọ́ọ̀sì mú ìwé tuntun, a bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní.

Wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́bàá ojú òsì, wọ́n sì lu ihò kékeré sí i kí omi náà lè máa jáde. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dà bí ẹni pé iyanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú mi. Ojú òsì dúró síbi tó wà. Tọ̀tún kò padà. Mo ṣì ń wọn ẹ̀wà mi. Ẹni tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè yẹn, kó má fi ìkíni dáhùn. Kó sì mú ẹnìkan tí kò fẹ́ràn rẹ̀ dání, torí ẹni tó fẹ́ràn wa máa ń bò wá láṣìírí.

Ara tí mo rò pé èmi nìkan ló ni, ọ̀tá mi ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Oògùn wà tí a óò máa kán sójú náà títí ayé, ọwọ́ mi kò sì dúró. Ìyá Ṣọlá ló ń kán an, bó ti ń kán an ló ń bú mi. Mo máa ń gbójú sókè fún un, màá panu mọ́ títí yóò fi ṣe tán. Ọpẹ́ tí mo lè dá nìyẹn. Kó gbà á bẹ́ẹ̀.