Ẹ́ńjìnnì tí Wọ́n So Mọ́ Ayùn

Lára àwa tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn kan ń sin adìyẹ, àwọn kan ń bá ọmọ-ọmọ wọn jà lórí fóònù. Èmi ń tún lọ́rì àtijọ́ ṣe. Kì í ṣe mọ́tò kékeré o. Agbégilódò ni mo ń wí, lọ́rì ńlá tí wọ́n fi ń kó gẹdú láti inú igbó Ìsẹ̀ àti Emùré. Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé tí mo ti tún ṣe tán, èkejì ṣì wà lórí òkúta, kò ní táyà. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé obìnrin bíi tèmi, kí ló kàn mí kan gírísì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìkórìíra ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni ìgbádùn rẹ̀ tó dé.

Bàbá mi ló ni lọ́rì àkọ́kọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ikọ́ kan tí kò gbóògùn: á húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́ díẹ̀, á tún hú ẹyọ kan. Bí bàbá mi bá ti ń gun òkè tó wọ ìlú láti ọ̀nà Ìsẹ̀, ìyá mi á ti gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, á sì gbé omi ìwẹ̀ kaná. Kí ọkọ̀ tó dé iwájú ilé, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò rí ọjọ́ kan rí tó gbé omi kaná fún ìró ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá mi kú. A ò tíì sin ín tó oṣù kan tí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, fi kó àwọn ọmọọṣẹ́ wá, tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà kúrò nínú lọ́rì. Ó ní òun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ díẹ̀ wo? Ilé ìlagi rẹ̀ tó kọjú sí ilé wa gan-an ló gbé e lọ, ó so ó mọ́ ayùn ńlá, ó ń fi la pákó tà. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ìyá mi ń jí sí ikọ́ ọkọ rẹ̀ láti òdìkejì títì. Á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ́. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo bá a tó ti gbé omi kaná, tó wá rántí, tó sì da omi náà nù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò rí ìyẹn tí inú kò ní bí?

Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Mo pe ìpàdé ẹbí, mo ní kí àbúrò bàbá mi dá ẹ́ńjìnnì padà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Obìnrin kì í jogún lọ́rì,” ló wí. “Ẹ fún un ní pákó àti irin tó kù, kó fi dáná ọbẹ̀.”

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ ó rí i, Bàbá. Lọ́rì yìí yóò rìn.”

Ó fi ọwọ́ lu orúnkún. “Ọjọ́ tí irin yìí bá rìn, òun ni kí ẹ fi gbé òkú mi!”

Ẹ̀rín tún sọ. Ẹyin lohùn, àbí? Ó balẹ̀ níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà bí mi ò ṣe gbà á rí. Olúwa, ẹ dá ẹ̀mí bàbá yìí sí. Ẹ má jẹ́ kó ṣàìsàn, ẹ má jẹ́ kó ṣubú nílé ìwẹ̀. Ẹ dá a sí kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ọjọ́ Sátidé ni mo ń ṣiṣẹ́. Mo wá mẹkáníìkì àgbà kan, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo nọ́ọ̀tì bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. “Tíṣà,” á wí, “ẹ da kẹrosíìnì sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, bí ẹ bá fi agbára mú un, á kán mọ́ yín lọ́wọ́.” Mo kọ́ sùúrù sí irin. Mi ò kọ́ ọ sí èèyàn. Káfíńtà kan ní Ìsẹ̀ bá mi kan ara tuntun fún lọ́rì náà, ìrókò ni mo ní kó lò. Mo wá ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ dé Ìlásà, mo wá a dé Ìsínbọ̀dé, Emùré ni mo ti wá rí i. Wọ́n ti fi lọ gbágùúdá nígbà kan, adìyẹ ti yé sí abẹ́ rẹ̀. Èékánná mi dúdú débi pé ojú máa ń tì mí láti na ọwọ́ gba oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá sì ti fẹ́ káàárẹ̀, ilé ìlagi á húkọ́ ní òdìkejì títì. Inú á tún ru mí, n ó tún mú sípánà.

Ọdún kẹta ló rìn. Ìyá mi jáde wò ó, ó pàtẹ́wọ́, ó súre fún mi. Ẹ́ńjìnnì Emùré ń dún geere, kò húkọ́ rárá. Ìyá mi dúró gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. “Ó dára,” ló wí, ó sì padà wọlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, tèmi ti gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí ni mo gun orí lọ́rì, mo wà á lọ sí iwájú ilé àbúrò bàbá mi. Mo fọn fèrè títí gbogbo àdúgbò fi jáde. Bàbá náà jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Ó yí lọ́rì po, ó fi ọ̀pá kan táyà kọ̀ọ̀kan. Mo ń retí kó bú mi, tàbí kí ojú tì í. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó rìn lóòótọ́. O ṣé o, ọmọ mi. O ti bá mi ṣe ọkọ̀ tí yóò gbé mi relé.” Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. “Ṣé ẹ gbọ́? Mo ti sọ ọ́ níwájú ẹbí. Òun ni o.”

Háà! Lọ́dọ̀ wa, ohun tí àgbà bá sọ nípa òkú ara rẹ̀ níwájú ẹbí, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń ha ìdọ̀tí, tí mo fi ń mí èéfín, ọkọ̀ òkú ni mo ń ṣe fún ọ̀tá mi lọ́fẹ̀ẹ́! Ó ti fi ìpàdé ẹbí náà dè mí lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Mo wa lọ́rì padà sílé, mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ló kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Mo jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n wa,” àgbà wọn wí, “ẹ mọ ohun tí Bàbá sọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgbà ṣubú lulẹ̀.” Wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bàbá mi ni yóò gbé e. Ẹ lọ tú u kúrò lára ayùn, kí ẹ gbé e wá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ la ti ń jẹun! Bí a bá tú u, iṣẹ́ dúró nìyẹn.”

“Kó dúró.”

“Òkú wà ní mọ́ṣúárì.”

“Òtútù ò ní pa á.”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Mo gbádùn rẹ̀ ni, mi ò ní purọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n lọ, wọ́n rò ó, wọ́n bẹ àwọn àgbà sí mi. Èsì kan náà ni mo fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n tú u.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀. “Mi ò gbọ́ bàbá rẹ láàárọ̀ yìí,” ló wí. “Ṣé kò sí ní ulé ni?”

“Ó wà lẹ́yìnkùlé, Màámi.”

Ó wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin tútù náà.

Nígbà tí a tú ti Emùré kúrò, tí a so ó padà sínú lọ́rì, mẹkáníìkì àgbà fi etí sí i. Ó ní òun ti mọ ohun tó ń fa ikọ́ náà, kò ní gba òun ní wákàtí kan láti wò ó sàn. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi ni mo wà á. Bí wọ́n ti gbé pósí sẹ́yìn lọ́rì, mo fi ṣéènì dè é gbọin-gbọin bí wọ́n ṣe ń de gẹdú. Àgbà nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bí a ṣe ń de ẹrù nínú ọkọ̀ yìí nìyẹn.” Mo wà á jẹ́jẹ́ gba iwájú ilé gbogbo àgbà tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ́ńjìnnì ń húkọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Oko rẹ̀ lọ́nà Ìsẹ̀ la sin ín sí. Mo rò pé bí wọ́n bá ti bu yẹ̀pẹ̀ lé e, n ó dárí jì í. Mi ò dárí jì í. Àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí bóyá mo lè yá wọn ní ẹ́ńjìnnì Emùré kí ayùn lè tún ṣiṣẹ́. Mo ní kó wá pákó tó kù, kó fi dáná ọbẹ̀. Mo gun orí lọ́rì, mo kọrí sílé lémi nìkan.

Nígbà tí mo ń gun òkè tó wọ ìlú, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún hú ẹyọ kan. Mo rí èéfín tó ń jáde láti ilé ìdáná wa.

Ìyá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. “Omi ti gbóná,” ló wí. “Lọ wẹ òkú yẹn kúrò lára.”