Mọ́sà Tí Kò Ṣeé Pín

Mi ò lè rí mọ́sà kí n má rántí olùkọ́ ìṣirò wa ní Ìkàrẹ́. Ọmọ Ọ̀kà ni. Nọ́ńbà kan ló fẹ́ràn jù láyé: ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta. Á kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sójú pátákó, á ní, "Ẹ pín in! Ẹ fi méjì pín in, ẹ fi méje pín in. Bí kì í bá ṣe ọ̀kan tàbí òun fúnra rẹ̀ lẹ fi pín in, nǹkan á ṣẹ́ kù." A pín in títí ó fi sú wa.

Nígbà ààwẹ̀, ó máa ń pè wá wá ṣínu nílé rẹ̀ ní Ọ̀kà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan mọ́sà, á kọ́kọ́ kà á. Bí iye rẹ̀ bá ṣeé pín, á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á tún un kà.

"Ó ṣì ṣeé pín!" Á tún ju òmíràn sẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín: "Baálé mi, ebi ló ń pa yín, kì í ṣe nọ́ńbà."

Òun náà á fèsì pé, "Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tá a bá pín in, ti ẹni tó máa pẹ́ dé ni." Ọ̀kan nínú wa tó ń bọ̀ láti Àjọwá kì í sì í tètè dé.

Níbi àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dín mọ́sà fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́. Kò sẹ́ni tó kà á. A pín in, ó dọ́gba géérégé, ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù. Ìyá wo àwo tó ṣófo náà títí, ó ní, "Baálé mi ti lọ lóòótọ́."