Àkàbà Tó Sọnù Nínú Fíìmù Bàbá Àgbà

Ṣé o ti ba nǹkan jẹ́ rí, táwọn èèyàn wá ń yìn ẹ́ fún un? Má purọ́ o. Èmi tí mi ò rí WAEC mi fi yangàn, èyí nìkan ni mo ní.

Nígbà tí bàbá àgbà mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì n'Íkẹjà, wọ́n yá kámẹ́rà, wọ́n fàwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkùnrin kan gbé ilẹ̀kùn rù, ó ń rìn lẹ́bàá ojú irin l'Ágége. Ibi tó bá ti sọ ilẹ̀kùn yẹn kalẹ̀, á kàn án bí ẹni tó fẹ́ wọlé, òjò á sì rọ̀ sórí rẹ̀ nìkan. Kò yé ẹnikẹ́ni. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, nǹkan funfun sì ti ń hù lára téèpù inú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba bàbá àgbà pé ó máa bàjẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀ọ̀dá kan tó ń kó fíìmù àtijọ́ jọ wá láti Maryland, níbí l'Ékòó. Àwọn bíi tiwọn, ohun tẹ́nìkan ò ní ni wọ́n ń wá kiri. A jọ wò ó ní pálọ̀ wa l'Ọ́gbà. Ọkùnrin inú fíìmù yẹn ń kan ilẹ̀kùn nílẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti wà lórí òrùlé ilé kan, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Bọ̀ọ̀dá yẹn ní, "Ibí yìí gan-an ló dùn jù. Kò ṣàlàyé kankan. Ibí làwa tá à ń kó fíìmù jọ máa jà lé lórí."

"Àkàbà ló gùn débẹ̀," bàbá àgbà ní. "Èmi ni mo fi kámẹ́rà ya á."

"Ẹ má bínú sà, kò sí àkàbà níbẹ̀."

Bàbá àgbà fọwọ́ pa orí. "Ogbó ti dé nìyẹn. Mo ti ń rántí ohun tí ò ṣẹlẹ̀."

Ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀. Mo gbé bisikíìtì ọwọ́ mi kalẹ̀, torí èmi ni mo fà á. Nígbà tí mo wà ní praimárì, ẹ̀rọ fídíò wa jẹ téèpù yẹn. Mo gé ibi tó kákò, ibẹ̀ sì ni àkàbà wà, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ìyókù, mo sì fi èyí tí mo gé ṣe ìrù káìtì. Káìtì náà ò tiẹ̀ fò.

Mo jẹ́wọ́. Bàbá àgbà nàka sí mi. "Òpònú. Orí mi ṣì pé nìyẹn." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá yẹn ní ká má fọwọ́ kàn án, bí mo ṣe gé e yẹn ló dùn. Bàbá àgbà ní kí wọ́n máa gbé e lọ, àmọ́ àwọn máa ya ti àkàbà lọ́tọ̀ kún un. Ẹni tó gbé ilẹ̀kùn ti kú. Ta ló máa wá gùn ún? Èmi tí mo gun àga lánàá, tóòyì ń kọ́ mi. Mo rò pé tí mo bá jókòó ń kọ ìtàn yìí, wọ́n á gbàgbé...

"Ṣé o ti wọ bàtà? Gbé àkàbà yẹn, ká máa lọ," bàbá àgbà ké látẹnu ọ̀nà.